Ìyá Àgbà Tó Di Àbúrò Mi ní Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ

Láti ọjọ́ tí a ti sin Ìyá Àgbà ni àwọn èèyàn ti ń wá kí wa, tí wọ́n sì ń sọ pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n. "Àdàbà ni ìyá yín," ni ìyá kan láti ìjọ wa wí, ó sì nu ojú rẹ̀. Mo tẹrí ba, mo fi eyín di ètè mi mú. Ẹkún ń gbọ̀n mí, ẹ̀rín náà sì ń gbọ̀n mí. Ẹni tó bá pe Ìyá Àgbà ní àdàbà, kò tíì ra aṣọ lọ́wọ́ wọn rí.

N kò ní kọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò mọ ọdún tí a bí wọn, àwọn náà kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, àti bó ṣe ṣẹlẹ̀ tí èmi, ọmọ ọmọ wọn, fi di ẹ̀gbọ́n wọn. Ìgbómìnà tó ki ni wọ́n máa ń sọ. Èmi ni mo tún un ṣe sí Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì níhìn-ín kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú iyọ̀ rẹ̀ ti dà nù lọ́wọ́ mi. Ó ti mọ́ mi lára. Nǹkan máa ń dà nù lọ́wọ́ mi.

Ahunṣọ ni Ìyá Àgbà. Òfì ìhunṣọ wọn dúró ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìlá, ó ga ju èèyàn lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a sì ń gbà kọjá kí a tó dé yàrá. Kíjìpá ni wọ́n ń hun, aṣọ òwú tó ki, tí àwọn àgbẹ̀ fi ń ṣe ṣòkòtò oko, tí àwọn ìyá sì fi ń pọnmọ. Láti àárọ̀ kùtù ni wọ́n ti ń jókòó tì í. Wọ́n ní apásà kan, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gbá òwú mọ́ra lójú òfì. Bí apásà bá ti ń dún ni gbogbo ilé ti mọ irú ọjọ́ tí yóò jẹ́. Bó bá ń dún jẹ́jẹ́, a lè béèrè oúnjẹ. Bó bá ń dún gbà-gbà, a ó lọ pọnmi láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wa.

Wọn kì í kí èèyàn kí wọ́n tó wo aṣọ ọrùn rẹ̀. Wọ́n á na ọwọ́, wọ́n á fi ìka di etí aṣọ náà mú, wọ́n á fà á wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó béèrè àlàáfíà ilé. Wọ́n ń ṣe é fún àlejò, wọ́n ń ṣe é fún ìyàwó tuntun. Wọ́n ṣe é fún pásítọ̀ kan tó wá wàásù láti ìlú mìíràn, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìsìn. Pásítọ̀ náà rò pé wọ́n fẹ́ bọ òun lọ́wọ́ ni, ó sì na ọwọ́ sí wọn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìyá Àgbà fa apá ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á fún yín ní òmíràn."

Òwe kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa létí wọn. Àwọn èèyàn máa ń wí pé òfì ni aṣọ àgbà, kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ. Ọkùnrin kan fi òwe yìí ṣàwàdà lọ́jà Ọ̀tan Ayégbajú níbi tó ti ń nájà. Ìyá Àgbà gba aṣọ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n sì jókòó lé e. Ọkùnrin náà bẹ̀ títí, ó ní òun yóò san iye tí wọ́n bá pè. Wọn kò dìde. Wọ́n ní, "Lọ wá ọ̀lẹ tó hun ún, kí ó tà á fún ọ."

Ṣùgbọ́n ìjà tó pẹ́ jù nínú ayé wọn ni ìjà Wúràọlá. Ọmọ àgbẹ̀ kan ní Ọ̀rà ni Wúràọlá. Ìgbà tí èmi ṣì ń rákò ni àwọn òbí rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà kí ó wá kọ́ aṣọ híhun. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nídìí òfì. Bí òwú bá já lọ́wọ́ rẹ̀, apásà á sọ̀ kalẹ̀ sí eegun ìka rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òwú já, apásà sọ̀, Wúràọlá dìde, ó bọ́ síta, kò sì padà. A gbọ́ pé ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo, pé aṣọ rírán ló ń kọ́. Nígbà tó padà sí Ìlá, ó ti lọ́kọ, ó ti ní ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀nà ọjà.

Ìyá Àgbà yí ọ̀nà ọjà tiwọn padà. Ẹ̀yìn ilé àwọn alágbẹ̀dẹ, nínú ẹrẹ̀, ni wọ́n ń gbà kí wọ́n má bàa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Bí wọ́n bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí Wúràọlá bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á máa wo páànù òrùlé. Ìyá mi bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ni wọ́n ń wò níbẹ̀.

"Mo ń wò ó bóyá ó ń jò," ni wọ́n wí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé. Èmi ti dàgbà jù fún un. Mo ti kàwé díẹ̀ ṣáájú, mo sì ti kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé olùkọ́ kankan sunkún. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéékèèké ilé wa, àwọn tí ń bá Ìyá Àgbà gbọn òwú, tí wọ́n sì ń bá wọn ran án, wọ kakí, wọ́n gba ilé ìwé lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa dákẹ́. Ìyá Àgbà ń gbọn òwú fúnra wọn, wọ́n ń ran án fúnra wọn, wọ́n sì tún ń hun ún. Aṣọ tó máa ń parí kí oṣù tó yí, oṣù á yí, kò ní tíì dé àárín.

Èyí tó tilẹ̀ burú jù ni pé kò sí ẹni tó ń dúró dè é mọ́. Aṣọ òyìnbó ti kún ọjà, ó fúyẹ́, ó láwọ̀, ó sì ń tètè gbẹ. Bàbá àgbẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé ọdọọdún, lẹ́yìn ìkórè iṣu, ló máa ń wá ra aṣọ oko lọ́wọ́ wọn. Ó wá lọ́dún yẹn. Ó gbé iṣu wá fún wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣòkòtò kakí ló wọ̀. Ìyá Àgbà na ọwọ́, wọ́n fa etí rẹ̀ wò.

"Èyí kò lè pẹ́," ni wọ́n wí.

"Kò lè pẹ́ lóòótọ́, Ìyá," ni bàbá náà dáhùn, ojú ń tì í. "Ṣùgbọ́n bó bá ya, màá ra òmíràn."

Ìyá Àgbà fi etí ṣòkòtò náà sílẹ̀, wọ́n sì gbé iṣu wọlé. Èmi tí mo mọ̀ wọ́n, ẹ̀rù bà mí. Bàbá mi ti lọ ṣòwò ní Kùmásí nígbà náà, ìròyìn wọn la sì máa ń rí ju owó wọn lọ. Obì tí ìyá mi ń tà àti kíjìpá Ìyá Àgbà ló ń bọ́ gbogbo wa. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, Ìyá Àgbà di ẹrù aṣọ lọ sí Ọ̀tan, wọ́n sì rù ú padà bí wọ́n ṣe dì í, okùn rẹ̀ kò tú. Wọ́n jókòó sídìí òfì, wọn kò fọwọ́ kan nǹkan. Ìyá mi ní kí wọ́n má ronú, pé ara ló rẹ̀ wọ́n.

"Kò rẹ̀ mí," ni wọ́n wí. "Iṣẹ́ kò kú lọ́wọ́ mi. Ọjà rẹ̀ ló kú."

Kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni ìyá mi ti fi èmi síbi iṣẹ́ aṣọ rírán, lọ́dọ̀ Wúràọlá gan-an, torí pé òun nìkan ni obìnrin tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà nítòsí wa. Ẹ má sọ fún un pé "ó" ni mo fi ń pè é níhìn-ín. Lójú rẹ̀, "wọ́n" ni, ọ̀gá mi sì ni. Ìyá Àgbà bínú sí ìyá mi lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n bínú dáadáa. Wọn kò bá èmi jà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á pè mí sí ìdí òfì, wọ́n á ní, "Irọ́ wo ló pa fún ọ lónìí?" Èmi náà á sì ròyìn.

Ìròyìn mi kì í ṣe èyí tó wúni lórí. Ọ̀gá wa kò ní ọmọṣẹ́ mìíràn nígbà yẹn, nítorí náà èmi ni mo dára jù, èmi náà ni mo sì burú jù. Mo rán ẹnu apá bùbá kan pa. Ìyàwó tó ni ín ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ níwájú ọkọ rẹ̀, ó sì ń wá ibi tí yóò gbà yọ ọ́. Mo gé ṣòkòtò kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ti òsì. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń rò fún Ìyá Àgbà. Wọ́n á béèrè pé báwo ló ṣe yẹ kó rí, kí ni ọ̀gá sọ, báwo ló ṣe tún un ṣe. Mo rò pé ẹ̀sùn ni wọ́n ń kó jọ fún Wúràọlá. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́. Wọ́n ti rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú àṣìṣe mi ju èmi tí mo ṣe é lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń múra àtilọ síbi iṣẹ́, mo bá Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn rù, wọ́n mú apásà lọ́wọ́. Mo bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní kí n máa lọ níwájú. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti pín, wọn kò yà sí ẹ̀yìn ilé àwọn alágbẹ̀dẹ.

Wúràọlá ń fi òróró sí ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí a wọlé. Ó rí ẹni tó wà lẹ́yìn mi, ìgò òróró sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà gbójú sókè, wọ́n rí i pé koríko ni wọ́n fi bo òrùlé ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n bá gbójú wálẹ̀.

"Wúràọlá, dìde. Mo wá kọ́ṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo, Ìyá?"

"Èyí tí ò ń ṣe yìí."

Ọ̀gá mi wò mí bí ẹni pé èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo wo ilẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín," ni ó wí. "Bí ẹ bá ní aṣọ tó ya, ẹ gbé e wá, màá bá yín rán an."

"Aṣọ mi kò ya. Iṣẹ́ mi ló ya."

Wúràọlá dìde dúró. Ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ mọ́. "Ta ni yóò rán yín níṣẹ́ níhìn-ín, Ìyá? Bí ẹ bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́, ta ni yóò bá yín wí? Gbogbo Ìlá ni yóò sọ pé mo sọ ìyá tó tọ́ mi di ẹrú."

"Ìwọ ni yóò bá mi wí." Ìyá Àgbà gbé apásà lé orí tábìlì tí a ti ń gé aṣọ. "Ohun tí mo fi ń bá ọ wí nìyí. Mo gbé e wá kí o má bàa máa wá nǹkan kiri."

Wúràọlá ń fi ọwọ́ kan ra eegun ìka ọwọ́ kejì, n kò rò pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ó gbé apásà náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Èmi ti ń rò ó nínú ara mi pé bó bá nà wọ́n, ta ni kí n gbè lẹ́yìn, ọ̀gá mi ni tàbí ìyá tó bí ìyá mi. Ìpinnu tí mo ṣe ni pé màá sá. Ọ̀gá wa tẹ́ aṣọ kakí kan sórí tábìlì, ó fi apásà lé e, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó sì fa ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ó gún ju rúlà mi lọ," ni ó wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ẹ gbé àpótí yín síbẹ̀ yẹn, Ìyá. Ẹ jókòó."

"Mi ò ní jókòó, ọ̀gá," ni Ìyá Àgbà dáhùn. "Mi ò tíì gbálẹ̀."

Òfin iṣẹ́ ọwọ́ ni pé ẹni tó bá kẹ́yìn dé ni àbúrò. Bí mo ṣe di ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà nìyẹn. Àwọn ni wọ́n ń gbálẹ̀, àwọn ni wọ́n ń fẹ́ iná áyọ́ọ̀nù eléèédú. Lọ́jọ́ kìíní mo fẹ́ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbé e sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kí ọ̀gá sọ pé mo ń gbéra ga ni?" Àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà á dúró, wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin náà nìyí?" Ìyá Àgbà kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ní, "Èmi ni. Aṣọ wo lẹ fẹ́ rán?"

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni ààlà. Bí a bá wà nínú ilé, "ẹ" ni wọ́n ń fi Wúràọlá pè: "Ọ̀gá, ẹ bá mi wo èyí." Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan ìta, ó ti di ọmọ tí wọ́n tọ́: "Wúrà, o ti jẹun? Kí ló dé tí o rù báyìí?" Wúràọlá náà á kúnlẹ̀ dáhùn lójú títì, á sì di ọ̀gá padà bó bá wọlé. Ọ̀rọ̀ náà kò rú àwọn méjèèjì lójú rárá. Èmi ni kò yé. Ìyá Àgbà á na abẹ́rẹ́ sí mi, ojú wọn á le koko, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ki òwú bọ ojú rẹ̀." Èmi á kúnlẹ̀, màá ki òwú bọ̀ ọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ń gbọ́. Wọ́n ní, "Ara rẹ ni kí o bá wí. Ta ló ní kí o tètè dé?"

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ fún wọn. Ọwọ́ ni wọ́n ti fi ń ṣiṣẹ́ láti kékeré. Ẹ̀rọ yìí ní kí ẹsẹ̀ náà máa ṣiṣẹ́, kí ó sì má yára ju ọwọ́ lọ. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, á yí padà sẹ́yìn, òwú á dì pọ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Wọ́n máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀. Mo rí wọn nílé tí wọ́n jókòó ti òfì, tí ọwọ́ wọn ń hun aṣọ, tí ẹsẹ̀ wọn sì ń tẹ ilẹ̀ lásán. Mo rò pé àìsàn ni, mo lọ pe ìyá mi. Wọ́n ní kí ìyá mi mú mi kúrò níwájú àwọn: "Ẹsẹ̀ mi ló wà ní ilé ìwé."

Ìgbà kan wà tí mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Ìyá Àgbà ń lọ ẹ̀wù olùkọ́ kan, iná áyọ́ọ̀nù pọ̀ jù, ẹ̀yìn ẹ̀wù sì jóná. Olùkọ́ náà wà lórí ìjókòó, ó ń dúró dè é. Ọ̀gá wa fò dìde. "Ojú yín dà?" ni ó wí. "Ṣé ẹ sùn lọ ni? Ẹ̀wù ẹlẹ́wù!" Ó wí wọn bó ṣe ń wí mi, níwájú oníbàárà, kò yọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Ìyá Àgbà gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. Wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n sì jáde. Nígbà tí olùkọ́ ti lọ, Wúràọlá jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò rán nǹkan kan. "Mo ti lé ìyá mi lọ," ni ó ń wí. Mo fẹ́ tù ú nínú, mo sì jókòó lé abẹ́rẹ́.

Oòrùn ti yí díẹ̀ nígbà tí Ìyá Àgbà padà dé. Wọ́n ń nu ẹnu. Wọ́n gbé ẹ̀kọ tútù tí wọ́n rà lọ́nà sílẹ̀ níwájú ọ̀gá. Wọ́n ní, "Mo lọ jẹun ni. Ìbáwí kì í ní kí ebi má pa èèyàn." Wọ́n sì fa kakí sọ́dọ̀, wọ́n bèèrè ibi tí a bá iṣẹ́ dé.

Nọ́ńbà ara tépù ni ìṣòro kejì. Ìjọ wa ti ṣí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún àwọn àgbà, Ìyá Àgbà sì ń lọ, wọ́n ń jókòó láàárín àwọn àgbẹ̀ tí ọwọ́ wọn tóbi ju ṣọ́ọ̀kì lọ. Ṣùgbọ́n kíláàsì náà kò yá tó lójú wọn, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n wọn máa kọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ẹni tí kò mọ̀ tó mi. Mo na tépù, mo kọ́ wọn dáadáa, àfi pé mo dì í mú lódì, mẹ́fà di mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án sì di mẹ́fà. Ṣòkòtò pénpé tí wọ́n rán fún ọmọ aládùúgbò wa bò ó dé ojúgun. Ìyá ọmọ náà ní kò burú, pé ọmọ òun yóò dàgbà bá a. Nígbà tí ọ̀gá wa bèèrè bó ṣe jẹ́, Ìyá Àgbà fọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ní, "Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi ni mo ṣe."

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ilé ìwé kan ní ìlú wa gbé iṣẹ́ aṣọ àwọn ọmọ tuntun fún Wúràọlá. Kò tíì rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Bó bá ṣe é dáadáa, ṣọ́ọ̀bù náà ti dúró. Bó bá kùnà, àwọn télọ̀ Òṣogbo ń dúró dè é, oúnjẹ ilé tirẹ̀ àti ilé tiwa yóò sì bá iṣẹ́ náà lọ. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ó rán ẹ̀wù kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, ó gbé e kọ́ sára ògiri. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi di ìbàdí mú. Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ sílé, ó yíjú padà, ó nawọ́ sí ẹ̀wù náà: "Ìyá, bó ṣe rí yẹn ni kí ẹ ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó dá gé nǹkan o." Èmi ni ó ń sọ.

A pín iṣẹ́. Mo gé aṣọ, mo sì ń fi ara mi wọ̀n ọ́n kí n lè mọ apá òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Ìyá Àgbà wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ wọn ti gbọ́ràn wàyí, ìró rẹ̀ sì ń lọ geere láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó kan àpò àyà, wọ́n dúró níwájú àpẹẹrẹ tó wà lára ògiri, wọ́n wò ó, wọ́n sì rán tiwọn. Èmi, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n, yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Mo ní ó dára.

Ọ̀gá ilé ìwé fúnra wọn wá kó aṣọ náà nígbà tí ìwọlé ku ọ̀la. Wọ́n gbé ẹ̀wù kan, wọ́n gbé e sí àyà ara wọn.

"Ìyá, apá ọ̀tún ni àpò yìí wà."

Ìyá Àgbà wo àpẹẹrẹ. Wọ́n wo ẹ̀wù tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n yí ẹ̀yìn wọn sí ògiri, wọ́n fọwọ́ kan àyà wọn, wọ́n tún yí padà. Mo rí i lójú wọn nígbà tó yé wọn pé ọ̀tún ẹni tó ń wo ògiri, òsì ẹni tó wọ ẹ̀wù ni.

"Bí mo ṣe rí i lára ògiri ni mo ṣe rán an," ni wọ́n wí.

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Èmi ni, sà," ni mo dáhùn.

Ọ̀gá ilé ìwé wò mí. Wọ́n ti kọ́ mi rí. "Mo rántí rẹ," ni wọ́n wí. Wọn kò sọ ohun tí wọ́n rántí.

Ìyá Àgbà ti mú àlùmọ́gàjí. Wọ́n ní àwọn yóò tú gbogbo àpò náà, àwọn yóò tún un rán kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ọ̀gá ilé ìwé má bínú sí Wúràọlá, pé kò sí nílé, àwọn ni àwọn ṣe é. Ọ̀gá ilé ìwé di àpò kan mú, wọ́n fà á, wọ́n fà á gan-an. Kò mì.

"Bí ẹ bá tú èyí, Ìyá, ẹ̀wù ni yóò ya," ni wọ́n wí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó aṣọ náà jọ. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Bí àwọn ọmọ ilé ìwé náà ṣe fi àpò ọ̀tún lo ọdún kan gbáko nìyẹn. Bí èèyàn bá pàdé wọn lọ́nà oko, ó ti mọ ilé ìwé wọn. Nígbà tí a lọ kí Wúràọlá lórí ọmọ tuntun, tí a sì ròyìn fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ìyá ọkọ rẹ̀ fi ní kí a máa lọ, pé ikùn rẹ̀ kò tíì jiná. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn ọmọ náà kò tíì mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún."

Wọ́n gba fírídọ́ọ̀mù ṣáájú mi, èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn yóò kúnlẹ̀ kí ọ̀gá gbàdúrà fún àwọn, bí gbogbo ọmọṣẹ́ ṣe ń ṣe. Àwọn èèyàn ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà kò gbọ́, wọ́n kúnlẹ̀. Wúràọlá, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, kúnlẹ̀ kojú wọn. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde, àwọn àlejò sì ti ń nu ojú. Ìyá Àgbà ló tú wa sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ dìde. Mi ò gbá ilẹ̀ yìí dáadáa lónìí."

Wọn kò tú òfì wọn. Ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù bá tì, wọ́n á hun kíjìpá díẹ̀, wọ́n á fi ṣe ìró fún ara wọn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, nígbà tí kò sí ẹni tó ń rà á mọ́. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ kì í ṣe orogún. Méjì lè gbé inú ilé kan."

Ojú ló wá lé wọn kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ó ń ṣú díẹ̀díẹ̀, títí kò fi sí iye ẹ̀gbọ́n tó lè bá wọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìráhùn, èyí tó yẹ kó fu wá lára. Ní ọ̀pọ̀ àárọ̀, wọ́n á mú ọ̀pá, wọ́n á jáde, wọn kò ní sọ ibi tí wọ́n ń lọ. A rò pé àwọn ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń bẹ̀ wò. Nígbà tí ọyẹ́ mú, ikọ́ mú wọn, kò sì pẹ́ tó fi mú wọn lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta tí a sin wọ́n, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá mi, Wúràọlá àti èmi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yà wọlé láti ojú ọ̀nà, ìyẹ̀fun funfun lára apá rẹ̀. A mọ̀ ọ́n. Òun ló ń ṣe búrẹ́dì lápá ìsàlẹ̀ ìlú, ará Ọ̀tan ni, kò sì tíì pẹ́ tó dé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bèèrè Ìyá. Ó ní wọ́n ti ń wá sọ́dọ̀ òun láti ìgbà díẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní kí òun fún àwọn ní ìyẹ̀fun díẹ̀ kí àwọn pò ó wò. Wọ́n ní ojú àwọn ti lọ ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ṣì wà, àwọn sì ti bá òun ṣe àdéhùn láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Kò sí ẹnìkankan nínú wa tó gbọ́ ọ rí.

"Mo kàn ní kí n tètè wá sọ fún wọn ni," ni ọmọkùnrin náà wí. "Kí wọ́n má wọ aṣọ dúdú wá o. Ìyẹ̀fun máa ń hàn lára rẹ̀."

Ìgbà náà ló tó gbójú sókè, tó sì rí ohun tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀.

Ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín mú Wúràọlá náà. Kí ẹ̀rín náà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti di ẹkún.